Régúlétọ̀ Àtijọ́ àti Èmi Olórí Kunkun

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ba régúlétọ̀ àtijọ́ jẹ́, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Kì í ṣe régúlétọ̀ gáàsì ìdáná ni mò ń sọ o. Ti àwọn amòòkùn ni, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ sílíńdà atẹ́gùn kí èèyàn lè máa mí lábẹ́ omi. Tuntun wà lọ́jà, ó fúyẹ́, họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń lọ sẹ́nu. Èmi kọ̀, tọ́kunbọ̀ ni mo rà: DA Aquamaster, tí U.S. Divers ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Agolo roboto kan ni, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, tí họ́ọ̀sì rọ́bà ńlá méjì tó ní ìṣẹ́po yí ọrùn ká wá sẹ́nu, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì.

Mo ní àwáwí tó dáa. Ẹ̀yìn orí ni ìfófòó rẹ̀ ń gbà jáde, kì í hó sí èèyàn létí, kì í sì í bo ẹni tó ń ya fọ́tò lójú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti wo Lloyd Bridges nínú Sea Hunt, eré tẹlifíṣàn ọdún 1958 sí 1961, mo sì gbà pé bí mo bá gbé irú rẹ̀ sẹ́yìn, ikùn mi náà á wọlé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Atẹ́gùn inú sílíńdà tó kún a máa tó bar 200, kò sí ẹ̀dọ̀fóró tó lè gba ìyẹn. Ipele kìn-ín-ní á bù ú kù títí tí kò fi ní tó bar 10. Ipele kejì ló ní awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan: omi wà lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn wà níwájú rẹ̀. Bí èèyàn bá fa èémí, awọ náà á tẹ̀ wọnú, á ti ọ̀pá kékeré kan, fáàfù á ṣí, atẹ́gùn á sì gba họ́ọ̀sì ọ̀tún wá. Èyí tí a bá mí jáde á gba họ́ọ̀sì òsì padà sínú agolo yẹn kan náà, níbi tí fáàfù rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní ẹnu pẹ́pẹ́yẹ ti ń tú u jáde láì gba omi wọlé. Ó tán. Irú nǹkan tó rọrùn báyìí ló ń kó bá èèyàn, torí ẹni tó bá wò ó á ní òun náà lè tún un ṣe.

Mo bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná wa ní Leicester. Àwọn tó mọṣẹ́ ní kí n po fínígà funfun mọ́ omi gbígbóná, kí n rẹ àwọn irin rẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tí iyọ̀ òkun dá sára idẹ lè ṣí kúrò. Mo ro ó wò: bí ìṣẹ́jú díẹ̀ bá dáa, ilẹ̀ ṣú ilẹ̀ mọ́ kò ní dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ? Láàjìn, ìyàwó mi yọjú láti orí àtẹ̀gùn.

“Bàbá Ìbejì, ta ló ń ṣe sàláàdì lóru?”

“Irin ni.”

“Irin wo ló ń jẹ fínígà?”

Ilẹ̀ mọ́, króòmù tó ń dán lára irin náà ti ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, idẹ ti yọ sí gbangba. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé idẹ gan-an ni mo fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ yọ àwọn òrùka rọ́bà kéékèèké tó ń dí atẹ́gùn mọ́nú. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi idẹ tàbí ike ṣe ni wọ́n ń lò fún un. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló wà nítòsí mi. Irin abẹ́rẹ́ le ju idẹ lọ, nítorí náà bí mo ṣe ń họ òrùka jáde ni mò ń fa ìlà sí ojú ibi tó jókòó sí. Ìlà yẹn kò ju fọ́nrán irun lọ, ojú mi kò rí i, àmọ́ atẹ́gùn tó ti ń wá ọ̀nà àbáyọ láti inú sílíńdà rí i lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí fáàfù sílíńdà, ó ń sú ṣíì ṣíì láìdákẹ́. Mo wá ojú ibi tó ti ń jò títí, mo tilẹ̀ pààrọ̀ òrùka tuntun sí òrùka tuntun mìíràn kí n tó gbé awò amú-nǹkan-tóbi sójú.

Ti sípíríǹgì kò ṣeé fẹnu sọ tán. Òrùka irin kan ló dè é mọ́lẹ̀, ó sì yẹ kí n fi aṣọ bo ọwọ́ àti iṣẹ́ náà kí n tó tú u. N kò bò ó. Ó fò kọjá létí mi, mo gbọ́ ìró rẹ̀ lára fíríìjì, ó parí. Ìyàwó mi ti fi ẹ̀rọ afaruku gbálẹ̀ kí n tó ráyè sọ̀rọ̀. Àwa àti àwọn ìbejì bá jókòó ti ìwé ìròyìn, a ń fi ọwọ́ tú erùpẹ̀ ilé wa wò. A rí sípíríǹgì. A rí yẹtí tí mo ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan àwọn ọmọ náà pẹ̀lú.

Ó ku àwọn rọ́bà tó ti gbẹ. Ọmọ Yorùbá ni mí: ohun tó bá gbẹ, òrí ni. Ìyá ìyàwó mi kì í ti Ṣakí wá láì gbé òrí lọ́wọ́, mo sì fi pa gbogbo rẹ̀, họ́ọ̀sì, awọ, ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, ó ń dán yinrin. Nígbà tí mo fi padà débẹ̀, rọ́bà ti mu ọ̀rá yó, ó ti wú. Awọ tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ti ká kò, ètè ẹnu pẹ́pẹ́yẹ méjèèjì kò sì pàdé mọ́. Gíríìsì sílíkónì ni wọ́n ń fi sí i, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rí. Ọ̀rá àti òróró lè gbiná níbi tí ọ́síjìn alágbára bá wà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe fi ń sá fún un. Mo ra rọ́bà tuntun pátá, owó rẹ̀ sì lé ní iye tí mo ra ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Mo tò ó pọ̀, mo dè é mọ́ sílíńdà nílé ìdáná, mo kó o sẹ́nu, mo fà. N kò rí nǹkan kan fà. Mo fà títí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nípò. Mo gbé e lọ bá bàbá òyìnbó kan nínú ẹgbẹ́ amòòkùn wa, èyí tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, tó sì ti ń dáhùn. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan.

“Ibi tí o ń fi ẹnu mú, o ti gbé e wọ̀ lódì.”

Fáàfù pẹlẹbẹ méjì ló wà níbẹ̀ tó ń darí èémí: ọ̀tún ni kó máa wọlé, òsì ni kó máa jáde. Èmi ti yí i. Ibi tí èémí ń gbà jáde ni mo ti ń fa atẹ́gùn, ẹnu pẹ́pẹ́yẹ sì di ètè rẹ̀ pa mọ́ mi, bí wọ́n ṣe dá a.

A dé adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ó ń mí, àmọ́ ó wúwo, pàápàá bí mo bá nàró. Mo pinnu pé ọ̀pá inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Mo padà sílé, mo gbé e sókè. Ó ṣì wúwo. Mo tún gbé e sókè, títí tí fáàfù fi ku díẹ̀ kó ṣí fúnra rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní mo ti bá a débi tó ń dùn ún.

Stoney Cove kò jìnnà sí wa, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta gíráníìtì tẹ́lẹ̀, tí omi sì ti kún. Pèpéle kan wà níbẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 6, ibẹ̀ sì ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n lọ. Mo dojú kọlẹ̀, ó ń lọ déédéé. Mo wá rántí Lloyd Bridges, mo sì dojú sókè kí n lè wo ìmọ́lẹ̀ ojú omi. Régúlétọ̀ náà bú. Atẹ́gùn rọ́ sí mi lẹ́nu, ó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó já ẹnu rọ́bà gbà lọ́wọ́ eyín mi, ìyẹn sì léfòó lọ sókè orí mi, ó ń hó yààyàà, ó ń da sílíńdà mi nù sínú omi Leicestershire. Ẹ̀gbọ́n ti fi régúlétọ̀ rẹ̀ kejì sí mi lẹ́nu kí n tó mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo nawọ́ sí ọ̀pá atẹ́gùn ìfipamọ́ tó wà lára sílíńdà àtijọ́ mi, èyí tí wọ́n ń fà wálẹ̀ bí èémí bá fẹ́ tán. Ó ti wà nílẹ̀. Wọ́n máa ń fà á wálẹ̀ bí wọ́n bá ń rọ atẹ́gùn sí i, olówó rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dá a padà sókè. Èmi ni olówó rẹ̀. A rọra gòkè, mò ń mí jáde bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

Létí omi, Ẹ̀gbọ́n bu tíì fún mi, ó sì bi mí bóyá mo mọ ìtàn Gagnan. Émile Gagnan, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Air Liquide ní Paris, ti ṣe fáàfù kan tó ń mú kí mọ́tò máa fi gáàsì rìn nígbà ogun, nítorí kò sí epo. Òun àti Jacques-Yves Cousteau sọ ọ́ di ti amòòkùn, wọ́n sì gbé e lọ sínú odò Marne ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943. Bí Cousteau bá nàró, atẹ́gùn ń ṣòfò. Bó bá dorí kodò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí mí. Wọ́n rò ó títí wọ́n fi rí i pé bó bá nàró, ibi tí èémí ń gbà jáde ga ju ibi tó ń gbà wọlé lọ, omi kò sì tẹ ibi méjèèjì bákan náà. Wọ́n kó méjèèjì sójú kan. Ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀sì òsì fi ń padà sínú agolo.

Ó wá bi mí ibi tí mo de sílíńdà mi sí. Mo ní ẹ̀yìn orí. Ó fi ọwọ́ wọn ọ̀nà tó wà láàárín ibẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró mi.

Régúlétọ̀ tó bá wà ní ìlera, agbára tí èèyàn fi ń ṣí i kò ju ti omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4 lọ. Èmi ti gbé e ga ju ẹ̀dọ̀fóró lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Kò sí ọ̀pá tí mo lè gbé sókè tó lè tán irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo sì dojú sókè, awọ rọ́bà wà nísàlẹ̀, ẹnu mi wà lókè, omi bá mi ti fáàfù tí èmi fúnra mi ti fi sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ṣe ju ohun tí wọ́n dá a fún lọ. Ibi tí mo gbé e sí ló ṣàìsàn, inú rẹ̀ ni mo ń tú kiri.

Mo dá ọ̀pá padà sí ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ sọ, mo sọ sílíńdà kalẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn, èémí sì dẹ̀. Bí ó bá tún ń wúwo báyìí, ìdè ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà rọ́bà; síkúrúù ló ń kẹ́yìn, ojú Ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń tú u.

Bí ẹnì kan bá ra irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀dọ̀ mi ni Ẹ̀gbọ́n ń ní kó kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni, àfi ìgbà tí mo gbọ́ àlàyé rẹ̀ létí: “Jẹ́ kó sọ gbogbo ohun tó ṣe fún ọ, kí o wá lọ ṣe òdìkejì.”