Fọ́ọ̀mù Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn tí wọ́n fi pa òwe yìí ni pé orúkọ kì í ṣe aṣọ tí ẹnikẹ́ni lè ṣà lórí àtẹ lọ́jà, nítorí pé iṣẹ́ ìdílé, òrìṣà tí wọ́n ń bọ nílé àti ọ̀nà tí ọmọ gbà wáyé ni wọ́n fi ń mọ ohun tí wọn yóò máa pè é. Ọmọ ilé ọdẹ a máa jẹ́ Ọdẹ́wálé, ti ilé Ifá a máa jẹ́ Fágbèmí, èyí tí ó bá sì fi ẹsẹ̀ jáde ti di Ìgè kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Láyé kọ̀ǹpútà, òwe náà ti dorí kodò: fọ́ọ̀mù ni à ń wò, bí orúkọ kò bá sì wọ inú rẹ̀, orúkọ ni wọn yóò gé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ ni iṣẹ́ yíya àwòṣe ìwé. Àwòṣe ìwé ni lẹ́tà tàbí ìwé ẹ̀rí tí a kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a sì dá àyè sí nínú rẹ̀ fún ohun tí kò ní bára mu láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì, bí orúkọ, ọjọ́ ìbí tàbí iye owó. Kọ̀ǹpútà yóò wá máa fa àwọn nǹkan wọ̀nyí yọ láti inú dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a tò ní ìlà-ìlà sínú àtẹ, títí ẹgbẹ̀rún ìlà yóò fi di ẹgbẹ̀rún lẹ́tà. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. WordStar, ètò ìtẹ̀wé tí ilé-iṣẹ́ MicroPro gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1978, ní alábàárìn kan tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, MailMerge, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìpè fún igba àlejò rí kò ní bú ẹni tí ó ronú rẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ń ya àwòṣe kì í sábà wo ilé kankan. Orúkọ kúkúrú tí kò ní àmì lókè, tí kò ní àmì nísàlẹ̀, ni yóò fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, yóò rí i pé ó jókòó dáadáa, yóò sì ké hàlélúyà. Lọ́jọ́ kejì ni Ṣọlá yóò dé. Bí ó bá jẹ́ pé ìlànà ISO 8859-1 ni wọ́n tẹ̀ lé, àkójọ lẹ́tà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1987 fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, lẹ́tà “á” wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣ àti ọ kò sí níbẹ̀, “??lá” ni yóò sì jáde lórí ìwé ẹ̀rí, bí ẹni pé ẹ̀rọ ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ta nìyí. Unicode, àkójọ lẹ́tà tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, gba ṣ àti ọ wọlé, àmọ́ ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo tiwọn: lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ wọlé, àmì ohùn yóò sì tẹ̀ lé e lọ́tọ̀, débi pé àyè tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbà ju ẹyọ lẹ́tà àti àmì mẹ́wàá lọ lè gba ọmọ wọlé kí ó sì ti fìlà rẹ̀ mọ́ta.

Dátà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to dátà sínú àtẹ, a máa wo nọ́ńbà fóònù tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, yóò kà á sí iye tí a fẹ́ ṣírò, yóò sì ju òdo iwájú nù. Excel yìí kan náà ni ó máa ń sọ MARCH1 di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta mọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ jíìnì ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ohun inú ara tí ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń sọ jíìnì ènìyàn lórúkọ yóò kéde ojútùú ní 2020, jíìnì ni wọ́n tún sọ lórúkọ ní MARCHF1. Excel jókòó síbi tí ó wà lọ́dún náà. Ní Amẹ́ríkà bákan náà, ojú àwọn tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Null ti rí nǹkan, nítorí pé null ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń pe àyè tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ilé kún fọ́fọ́, ẹ̀rọ ní òfìfo ni.

Ìbejì ni ó wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Kí ẹnì kan má baà gba lẹ́tà méjì, wọn a máa ṣe òfin pé bí orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ìlà méjì bá dọ́gba, kí ẹ̀rọ mú ti àkọ́kọ́, kí ó sì pa ìkejì rẹ́. Kí wọ́n gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ dé Igbó-Ọrà, níbi tí agboolé tí kò ní ìbejì ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ yóò mú Táíwò, yóò sì pa Kẹ́hìndé rẹ́ nítorí pé òun ni ó wà ní ìlà kejì, láìmọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ó rán Táíwò ṣáájú kí ó lọ tọ́ ayé wò, àti pé ẹ̀gbọ́n ni òun pa rẹ́ yẹn.