Bàbá Fáráò

Láti Mọ́níyà títí dé Lálúpọn, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Akanran, kò sí ìlú kékeré kan tí kò ní Bàbá Fáráò tirẹ̀. Tísà ni ó sábà máa ń jẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì, tàbí akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀. Ìwé àtijọ́ kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí kì í kúrò ní abíyá rẹ̀, yálà ó ń lọ síbi ìkómọ ni o, yálà ó ń lọ síbi òkú àgbà ni o. Orúkọ tí àwọn ọmọdé sọ ọ́ kì í bí i nínú. Inú rẹ̀ a tilẹ̀ máa dùn, nítorí ohun tí òun náà ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú nìyẹn: pé ọmọ Fáráò ni Yorùbá, pàápàá jù lọ ìdílé tirẹ̀.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, òun kọ́ ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, ti tọ́ka sí apá òkè Íjíbítì tàbí Nubia gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ṣẹ̀. Ní 1948 ni J. Olumide Lucas tún gbé ìwé tirẹ̀ lórí ẹ̀sìn Yorùbá jáde, tí ó kó òrìṣà wa àti ọ̀rọ̀ ẹnu wa jọ, tí ó ń fi wọ́n wé ti Íjíbítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ èdè tí ó dé lẹ́yìn wọn kò gbà. Wọ́n ní Haúsá ni ó bá èdè Íjíbítì àtijọ́ tan láti ọ̀nà jíjìn, pé tiwa kò sí nínú ẹbí yẹn rárá, èyí tí ó fi hàn pé mẹ́súyà tí ó wà ní oríta lẹ́tọ̀ọ́ sí àga Fáráò ju Bàbá lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó gbọ́ o.

Ìsọ̀ ẹlẹ́mu ni kí ẹ ti wá a ní ìrọ̀lẹ́. Yóò kọ́kọ́ wúkọ́, yóò ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran Fáráò bí ẹni ń ka ọmọ inú agboolé. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì bi í bóyá píràmíìdì yẹn ga tó Cocoa House, ó tán.

"Cocoa House! Ahéré ni ẹ ń pè ní ilé! Òkúta tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ni àwọn baba wa tò jọ fún Fáráò Khufu ní bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, tí ó ga tó 146 mítà, ẹ wá ń dárúkọ èyí tí kò ju 105 mítà lọ!"

Wọn a pàtẹ́wọ́, wọn a tún bu ẹmu fún un, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu dùn-ún rò'fọ́, agada ọwọ́ sì dùn-ún ṣẹ́gun. Bàbá Fáráò, a-rí-Náílì-má-rí-Ọ̀ṣun, a-mọ-ìyá-Khufu-má-mọ-ìyá-ìyá-ara-rẹ̀! Gbogbo àgbà ìlú ni ó mọ̀ pé ìwọ̀fà ni bàbá ńlá rẹ̀ bá dé, pé oko balógun kan ará Ìbàdàn ni ó ń ro kí ó tó san gbèsè tán tí ó sì gba ilẹ̀ tirẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ọmọ ọmọ máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ń ka ìran bọ̀ tí ó dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni ó fi ń fò láti ahéré bọ́ sí ààfin. N kò tíì rí ẹnìkan nínú wọn tí yóò ní bàbá òun wà lára àwọn tí ó ru òkúta.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn ni ó jọ wá. Búrẹ́dì àti ọtí ọkà bálì tí ó bá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa tan ni owó iṣẹ́ wọn. Iyanrìn inú búrẹ́dì yẹn sì jẹ eyín wọn títí ó fi kú sí èrìgì. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé, ààfin Fáráò pàápàá, bíríkì amọ̀ ni. Bàbá Fáráò tí ó ń wí yìí, ilé alámọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó wó lulẹ̀ nítorí ojú ń tì í, tí ó fi bíríkì sìmẹ́ńtì kọ́ òmíràn tí oòrùn ọ̀sán ń sè é nínú rẹ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Ó ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé 70 ọjọ́ ni kí wọ́n fi tọ́jú òkú òun, nítorí iye ọjọ́ tí Íjíbítì ń fi ṣe òkú ọlọ́lá lọ́jọ̀ nìyẹn. Àkọ́bí rẹ̀ tí ó ń ṣe káfíńtà ní Ìwó Road jókòó ṣírò owó mọ́ṣúárì, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń fi tọkàntọkàn gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún bàbá rẹ̀. Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ bí wọ́n ti ń fi ọkàn òkú sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ìyẹ́ kan ṣoṣo, tí òkú yóò sì máa búra níwájú adájọ́ 42 pé òun kò ṣe eléyìí, òun kò ṣe tọ̀hún. Ibi tí ó kan irọ́ pípa ni ó máa ń sáré sọ.

Ìtàn tí ó wà lábẹ́ imú rẹ̀ kò tó o sọ. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí kọ owó orí ní 1968, tí Àgbẹ́kọ̀yà gbóná, tí Tafa Adeoye ará Akanran ṣíwájú wọn títí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi já owó náà wálẹ̀ sí £2 ní 1969, ojú Bàbá ni ó ṣe. Bí ọmọdé bá ní kí ó sọ ọ́, yóò ní ìjà àwọn tí kò kàwé ni, kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ti Ramses.

Ti Ramses náà ni ó kó bá a. Ẹmu ti wọ̀ ọ́ lára lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wá ń ròyìn bí àwọn oníṣẹ́ Deir el-Medina, tí ó ń gbẹ́ ibojì fún àwọn Fáráò, ṣe retí ọkà owó iṣẹ́ wọn títí lábẹ́ Ramses Kẹta, ní bí 1157 kí a tó bí Kristi, tí wọ́n sì kó irinṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì, tí wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe tí ó kọ ebè ẹ̀gẹ́ fún Bàbá láti oṣù tí ó kọjá, tí ó ń gbọ́ "ẹ padà wá lọ́la" láti ìgbà náà, wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n padà rí ọkà náà gbà?"

"Wọ́n gbà á wàyí! Ọmọ Yorùbá ha ń jẹ́ kí a rẹ́ òun jẹ bí?"

Nígbà tí Bàbá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn alágbàṣe mẹ́rin ti tò kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ọkọ́ wọn nílẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kú ojúmọ́. Ọmọ Yorùbá ni àwa náà."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Bàbá ti ta àpò gàrí méjì, ó sì san gbogbo owó náà. Ó ṣì ń sọ ìtàn yẹn ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu, ṣùgbọ́n ó ti tún un ṣe: Yorùbá ni Fáráò, àwọn tí ó lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì yẹn, àjèjì tí ó wá ṣe lébìrà ni wọ́n.