Bí Mo Ṣe Fowó Ara Mi Dín Iye Jíìpù Mi Kù

Iṣẹ́ akáǹtì ni mo fi ń jẹun nílùú òyìnbó. Nígbà tí iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ní kí n sọ iye tí jíìpù ogun mi máa pa lọ́jà, mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fa bírò yọ. Mo kọ iye tí mo rà á, pọ́n-ùn 9,000. Mo ro gbogbo rìsíìtì àtúnṣe pọ̀, ó jẹ́ 17,000. Mo ṣírò gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí mo fi sùn sábẹ́ ọkọ̀ náà nínú gáréèjì mi ní Kent, mo sì bu owó iṣẹ́ fún ara mi bí ẹni pé mẹkáníìkì gidi ni mí. Mo wá fi 5,000 lé e nítorí ìtàn. Gbogbo rẹ̀ lé ní 38,000. Mo fi ránṣẹ́, mo sì lọ jẹ iyán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìtàn yẹn ná. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ló fẹnu lásán sọ pé ó ja ogun ní Bọ́mà. Bó ṣe dárúkọ Bọ́mà báyìí ni iyè mi rá, torí pé bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ nígbà ogun Hítílà, nínú dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ló la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75 gba àárín òkè àti igbó wọ àfonífojì Kaladan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944. Kí n tó sanwó, mo ti ń rí bàbá lójú inú mi, wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀ tèmi gan-an. Mo gbàgbé ohun tí bàbá fúnra wọn máa ń sọ fún wa: orí ni àwọn fi ń ru ẹrù ní Kaladan, ọ̀gá òyìnbó ló ń jókòó nínú jíìpù. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tó so ọkọ̀ yìí mọ́ Bọ́mà. Mo ṣáà fi 5,000 lé e.

Ìyá Tóbi gba ìwé ìṣirò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á títí dé ibi owó iṣẹ́. "Bàbá Tóbi, ta ló fẹ́ ra ẹ̀yìn ríro yín?"

Iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì náà ò gbà. Wọ́n ní kí n gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá òyìnbó kan wá, ẹni tó ti ń tú jíìpù tó sì ń tò ó láti ìgbà tí mi ò tíì gbọ́ orúkọ ìlú wọn. Mo ti nu ọkọ̀ náà títí ẹ fi lè fá irùngbọ̀n lára rẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ wo ọ̀dà náà. Wọ́n tẹ́ àpò kan sílẹ̀ níwájú ọkọ̀, wọ́n sùn lé e, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rédíétọ̀.

"Ford ni," wọ́n ní.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí pátákó kékeré tó wà níwájú, tí wọ́n kọ Willys-Overland sí gàdàgbà. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti rí i. Mo ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Nígbà ogun náà, ọwọ́ Willys nìkan ò ká iye jíìpù tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fẹ́, ni wọ́n bá ní kí Ford náà máa ṣe é, kí wọ́n rí bákan náà. Willys ṣe nǹkan bí 360,000, Ford ṣe nǹkan bí 280,000. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń dá wọn mọ̀. Irin tó dábùú ṣaṣí níwájú, páìpù roboto ni ti Willys. Ti Ford dà bí ọpọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Bàbá fi èékánná ha ọ̀dà mi lórí ṣaṣí lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́tà GPW yọ jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà nídìí rẹ̀. Ti Ford ni lóòótọ́.

Kò yẹ kí ìyẹn ṣe mí ní nǹkan kan, torí pé Ford náà níyì dáadáa lọ́jà. Ṣùgbọ́n bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orí bóòtù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ford máa ń tẹ lẹ́tà F sórí bóòtù rẹ̀, òun ni àwọn olówó tó ń ra jíìpù máa ń kọ́kọ́ wá. Wọn ò rí F kankan. Ọmọ Nàìjíríà tó ṣe WAEC ni mí. Ibi tí mo bá ti rí F, ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni náà ò yege. Mo ti tú gbogbo wọn pátá, mo fi bóòtù tuntun tó ń dán rọ́pò, mo sì kó àwọn tàtijọ́ fún ẹni tó ń ra àlòkù irin. Ó fún mi ní owó tó tó ra búrẹ́dì.

Bàbá rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Títí di àárín ọdún 1942, Ford máa ń tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí irin ẹ̀yìn jíìpù, kí àwọn ológun tó ní kó jáwọ́. Orúkọ yẹn wà lára tèmi lọ́jọ́ tí mo rà á. Mo rò pé ẹnì kan tó fẹ́ràn Ford ló lọ kọ ọ́ síbẹ̀, ìpẹtà sì ti jẹ igun rẹ̀ kan. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ mo ní kí pánẹ́ẹ̀lì bítà gé gbogbo ẹ̀yìn náà kúrò, mo ra tuntun tí ò ní orúkọ kankan. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún bàbá, wọ́n ṣí fìlà wọn.

Wọn ò tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí iná fóòtì 6 tí mo sọ di 12, tàbí ọ̀dà tó ń kọ mànà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dà ológun kì í dán, kí ọ̀tá má baà rí i láti òkèèrè. Wọ́n kọ 14,500 sórí ìwé. Wọ́n ní ohun tó jáde láti iléeṣẹ́ nígbà ogun ni ọjà ń sanwó fún, àti ìwé tó jẹ́rìí sí i. Irin tuntun, ẹnikẹ́ni lè rà á. Wọ́n wá fi kún un pé bí mo bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀, àwọn fúnra wọn ì bá ti rà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ṣì gbà pé ó yẹ kí ọkọ̀ tó ń ṣáná lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ ọjọ́ òtútù ní owó tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà pẹ̀lú mi.

Lọ́jà àwọn ọlọ́kọ̀ ogun tí mo lọ lẹ́yìn náà, mo bá ọkùnrin kan tó ń ta bóòtù onílẹ́tà F ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ra àpò kan. Kí n má parọ́, ó jọ pé mo dá díẹ̀ nínú wọn mọ̀.

Ẹ̀yìn jíìpù Ford ti 1942 ló kù tí mo ń wá báyìí, èyí tí orúkọ ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ní in, bó ti wù kó dípẹtà tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó má fọwọ́ kàn án. Mi ò ní ná an lówó rárá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Ìyá Tóbi gbọ́.