Atọ́ka Inú Ẹ̀pà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí Bàbá Onílé má baà gbọ́. Ẹ má sì sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o.

Fíìmù ló fa ọ̀rọ̀ alẹ́ àná. Àwọn ọmọ ilé yí fóònù kan ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo Ayinla tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2021. Ìyá Ìbejì ń bá Àyìnlá Ọmọwúrà olórin àpàlà inú fóònù jà bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àjọ. Ìgbà tó kan ibi tí wọ́n ti la ife mọ́ ọn lórí nílé ọtí, ní Abẹ́òkúta, ní 1980, Bàbá Onílé yọ láti yàrá: “Ṣé ẹ̀yin yìí tiẹ̀ mọ Atọ́ka?”

Àwọn ọmọ ní rárá. Yéè! Bàbá tẹ́ ẹní. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí Bàbá bá ti tẹ́ ẹní, oúnjẹ alẹ́ di ọ̀la.

Ó ní Atọ́ka ni eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ṣe sínú ìwé ní 1967. Àwọn eléré orí ìtàgé, irú Oyin Adéjọbí, á dúró níwájú kámẹ́rà, wọn á sì kọ ohun tí kálukú ń sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Bàbá sọ ti orogún tó bu nǹkan sọ́bẹ̀ ìyáálé. Ó sọ ti ọba tó gbẹ́sẹ̀ lé ìyàwó oníyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kò sí èyí tó dé ìparí! Ìyá Ìbejì fura.

“Bàbá, orogún yẹn ńkọ́? Ṣé àṣírí rẹ̀ tú?”

Bàbá ní ká jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fẹnu kan Barrister onífújì. Ìyẹn náà di ìjà. Fuji Garbage ti 1988 dùn, n ò jiyàn, àmọ́ nínú àwọn onífújì, Kollington ni tèmi, ẹni tó bá dùn kó wá bá mi ní kànga.

Ó tún yà bàrá sórí ìpanu: àádùn, róbó, gúrúndì, bàbá dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ó pẹ́ lórí dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà, tí wọ́n fi epo pupa àti ata dín títí tó fi dúdú. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Ó wá ní, “Gúgúrú àti ẹ̀pà ìgbà yẹn…”

Ìyá Àgbà wúkọ́ láti igun. Gúgúrú àti ẹ̀pà ni wọ́n ń tà fi tọ́ gbogbo ọmọ wọn.

“Ìwọ yìí, ìgbà wo lo ra Atọ́ka? Ṣebí èmi ni mò ń ya á fi di ẹ̀pà fún ọ!”

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dàrú! Àṣé ojú ewé tí ẹ̀pà bá bá wá nìkan ni Bàbá ń kà láti ọjọ́ yìí. Ìyá Àgbà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kì í ya ìwé kan láìkọ́kọ́ wo àwòrán rẹ̀ tán.

“Orogún yẹn? Wèrè ló padà ya. Ó ká gèlè kúrò lórí, ó kọrí sọ́jà.”

Bàbá Onílé fìdí wọ́ sún mọ́ wọn. “Ọba yẹn ńkọ́, Ìyá?”

Ìyá Àgbà gbójú sókè wo páànù yàrá wọn, èyí tó ti ń jò láti òjò èṣí. Wọ́n ní oorun ń kun àwọn.

Káfíńtà ti wà lórí òrùlé láti àárọ̀.