Àǹtí Èkó, Ẹ Wá Gbé Ọkọ̀ Ọlọ́pàá Yín

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ máa ń ti Èkó wálé Kérésì, ẹ kú ìnáwó. Àmọ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá tẹ́ ẹ rà fún ọmọ ọdún mẹ́ta, tó ń fọn fèrè, tó ń tan iná pupa, tó tún ń sáré wọ abẹ́ àga, kí la fi ṣẹ̀ yín? Ẹ gbé e kalẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ jẹ iyán, ẹ mu omi tútù, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹ ti wọ mọ́tò padà. Àwa àti ọlọ́pàá ló kù nílé.

Ẹ sì tún wo ìlú tẹ́ ẹ gbé ariwo wá. Ìmẹ̀sí-Ilé! Ẹ̀gbẹ́ ibí ni wọ́n ti ja ogun 1877 tó jẹ́ pé ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Kírìjì. Ta ló fi ìbọn ọ̀hún ránṣẹ́? Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé Èkó náà ni! Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ibẹ̀ ló bá wọn wá ìbọn òyìnbó tuntun fún Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun wọn, àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀, nígbà tí Ààrẹ Látòósà àtàwọn Ìbàdàn tí wọ́n ń bá jà ṣì ń ki ẹ̀tù sí ṣakabùlà. Ìyẹn wúlò, a ò jiyàn. Àmọ́ ogun ti parí, ará ilé. Ẹ yéé kó ohun ìjà wá.

Kì í ṣe pé a kórìíra ariwo. Odó ń dún lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó bínú, torí iyán ló ń bọ̀. Kí ló ń bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá?

Ọmọlangidi ayé àtijọ́ kì í dáhùn. Òkòtó á yí, á ṣubú, ó parí. Ẹnu ọmọ ló ń bá mọ́tò agolo dún, ẹnu sì máa ń rẹ̀. Ti ìsinsìnyí, láti Chenghai lọ́hùn-ún ní Ṣáínà, níbi tí iṣẹ́ ohun ìṣeré pọ̀ sí, ló ti ń bọ̀. Iná ìjọba á lọ, òun ò ní lọ. Ìyá àgbà gbọ́ bèbí kan tó ń kọrin èdè Ṣáínà, wọ́n ní "Ẹ káàbọ̀ o," wọ́n ń wá àlejò kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ti òru ló wá burú jù. Gbogbo ilé ti ń hanrun, ni eku kan bá gba orí ìbọn ìṣeré kọjá. "Fáyà! Fáyà! Fáyà!" Kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé, bàbá àgbà ti dé ẹ̀yìn ilé. Bàbá tí kì í rìn láìsí ọ̀pá! Ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, bàbá wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, Sight and Hearing Association, tó máa ń wọn ariwo ohun ìṣeré, torí pé ọmọdé á fẹ́ gbé e lé etí gan-an. Ìmọ̀ràn wọn ni pé ká fi téèpù lẹ ihò tí ohùn ń gbà jáde. Ó dára. Ṣé wọ́n ti rí ọmọ Ìjẹ̀ṣà rí? Eyín ni yóò fi ṣí i. Ẹ yọ bátìrì ńkọ́, kẹ́ ẹ ní "ó ti kú"? Ọmọ á lọ yọ ti rímóòtù sí i. Lálẹ́, bàbá ń tẹ rímóòtù, tẹlifíṣọ̀n ò gbọ́, ọlọ́pàá ń fọn fèrè.

Ẹ̀san ló kù. Ẹ̀yin náà ṣáà bímọ. A ń bọ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, nínú yàrá kan àti pálọ̀ yẹn, pẹ̀lú gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Kò lo bátìrì. Kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Ẹ óò bẹ̀ wá pé ká jókòó ṣèpàdé, a ó sì jókòó. Àmọ́ ẹ rántí pé ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ síwèé àlàáfíà Kírìjì, 1893 ni wọ́n tó tú bùdó ká. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ síwèé lónìí pé bisikíìtì lẹ óò máa rà, ẹ jẹ́ kọ́mọ kọ́kọ́ lu gángan yẹn fún ọdún méje ná.