Ẹ Wá Gbọ́ Ti Lọ́rì Bàbá Onípákó

Ẹ fà mọ́ra, ẹ jẹ́ kí n sọ ti lọ́rì Bàbá Onípákó fún yín, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ṣe Iléyá nílé lẹ ò mọ ohun tójú wa rí. Ẹ ṣáà mọ lọ́rì náà? Bedford àtijọ́ tó ń kó pákó lọ sọ́jà Bódìjà, èyí tí wọ́n kọ "Ẹ̀dá Ò Láròpin" sí níwájú. Ìlú Luton nílẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe Bedford nígbà tí bọ́lẹ̀kájà ṣì ń jọba lójú títì. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo máa ń pe ara rẹ̀ ní ìyàwó kékeré. Ó ní lọ́rì ni ìyáálé. Kì í sì í rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́ o.

Ó dáa. Kí Iléyá tó dé, Bàbá ní kí wọ́n kun lọ́rì náà lọ́dà látòkè délẹ̀. Ọ̀dà búlúù ni. Ẹ rántí pẹ́ńtà tó fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kun àgbá omi Ìyá Ẹlẹ́kọ láìbéèrè? Òun náà ni. Ìyá Ẹlẹ́kọ ò tíì bá a sọ̀rọ̀ di òní, bẹ́ẹ̀ àgbá yẹn ló rẹwà jù ládùúgbò. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n kùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó bá rí ló ń kùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ kó pákó, Bàbá gun lọ́rì, ó kí i bó ṣe máa ń kí i, "Ẹ ń lẹ́ o, màmá," ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́! Ó tún yí i. Kẹ́! Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tẹ fèrè, fèrè ké tí ọmọ jòjòló ilé kejì fi bú sẹ́kún. Iná iwájú ń tàn yòò. Àbí kí lèèyàn fẹ́ fi lọ́rì tó mọ ariwo í pa, tí ò mọ ọ̀nà í lọ, ṣe?

Ẹ sì mọ̀ wá, mẹkáníìkì ni gbogbo wa tó bá ti di mọ́tò ẹlòmíì. Àwọn kan ní bátìrì ni. Bàbá ra tuntun ní Géètì, owó gọbọi. Kẹ́! Mẹkáníìkì kan dé, ó ní kíkì sítátà ni, ó mú hámà, ó ń gbá a. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó níbi tíyẹn ti ń ṣiṣẹ́: tí kábọ́ọ̀nù inú kíkì sítátà bá ti jẹ, téèyàn gbá a díẹ̀, ó lè tún yí. Àmọ́ orí hámà yọ lára igi, ó fò lọ bọ́ sínú agbada Ìyá Alákàrà. Ohun tí Ìyá Alákàrà sọ, ó dìgbà táwọn ọmọdé bá sùn. Wọ́n tú kíkì sítátà, wọ́n so ó mọ́ bátìrì nílẹ̀, ó ń yí fìrìrì. Síbẹ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn ní kí Bàbá ra òmíì. Bàbá sì rà á! Kí la ò ní náwó lé nítorí ìyáálé?

Èyí tó wá dẹ́rù bà wá ni ti ṣóòkù, okùn onírin tí wọ́n ń fà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bàbá dì í mú, ó ń fọwọ́ kejì yí kọ́kọ́rọ́, ló bá figbe ta. Ó jó o lọ́wọ́! Ẹ́ńjìnnì tí ò tíì jí! Ìyá Aládùúrà gbọ́, ó gbé ìgò omi dé, ó lọ́tàá ló wà ńbẹ̀. Ó wọ́n ọn sí gbogbo táyà, ó wọ́n Bàbá, ó wọ́n èmi tí mo kàn ń wòran. Alhaji ni Bàbá, àmọ́ àmín rẹ̀ ló ròkè jù.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lọ pe Rewáyà, bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, tí kì í fọwọ́ kan mọ́tò láìtíì jẹun. Ó jókòó ti àmàlà, kò bojú wo lọ́rì. Gbogbo wa ń ròyìn pọ̀. Bí mótóbọ́ì ṣe ní "ṣóòkù sì ń jóni lọ́wọ́," òkèlè dúró lófuurufú. "Ó ń jóni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó jẹ àmàlà rẹ̀ tán pátá, ó fọwọ́, ó tó dìde.

Ó ní kí Bàbá tan iná iwájú, kó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́! Iná ò ṣú. Ó ní ká ní bátìrì ló ti kú, iná á ṣú wúyẹ́. Èyí ò ṣú, á jẹ́ pé iná ò ráyè ṣiṣẹ́ níbi kíkì sítátà ni. Ó fi mítà wọn bátìrì tuntun, 12.6. Ó wọn ti àtijọ́ tí wọ́n ti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà 12.6! Ìyàwó wo Bàbá. Bàbá ń wo ilẹ̀. Rewáyà fi ẹsẹ̀ mítà kan lé orí bátìrì lápá ẹ́ẹ̀tì, ó fi ìkejì kan ara ẹ́ńjìnnì, wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ò yẹ kó kọjá ìdajì fóòtì gun márùn-ún.

Ó ní bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ niná ṣe rí: tó bá jáde nínú bátìrì, ó gbọ́dọ̀ rọ́nà padà wálé. Wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣásì lọ̀nà náà. Ọ̀nà dí, iná wá ń gba inú okùn ṣóòkù tí ò lè gbé e, ló fi ń gbóná. Ó rá wọ abẹ́ lọ́rì, ó mú bóòtù kan jáde. Kí lẹ rò pó wà lára ẹ̀? Ọ̀dà búlúù! Pẹ́ńtà wa tú wáyà, ó kun ojú irin tó yẹ kí wáyà fara kàn, ó sì dè é padà lé ọ̀dà lórí.

Rewáyà fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin fi dán, ó dè é le. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, lọ́rì bú, èéfín bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Ìyá Aládùúrà ní omi òun ló ṣiṣẹ́, a ò bá a jiyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò àtijọ́, ẹ yẹ wáyà ẹ́ẹ̀tì wò kẹ́ ẹ tó gbé owó lọ sí Géètì. Bátìrì kan àti kíkì sítátà kan ṣẹ́kù nílé Bàbá o, ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó wá bá mi níkọ̀kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ bátìrì lójú ìyàwó ẹ̀.