Ìjàpá, Olùkọ́ Òwò ní Òṣòdì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti àwọn ọlọ́jà kan tí wọn ò mọ̀ pé àwọn ò mọ òwò ṣe.

Ní ayé àtijọ́, kí afárá tó dé Òṣòdì, òjòlá onírin kan máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìdó ló ti ń gbéra. Nígbà tó di 1901, ó ti gùn dé Ìbàdàn. Níbi tí òjòlá bá ti dúró mí, ebi á máa pa èrò inú rẹ̀. Adìyẹ rí i, ó gbé ẹyin sísè sórí àtẹ. Ẹyin ara rẹ̀ ni o! Ẹni tó fi ohun tó jáde lára rẹ̀ dókòwò, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọ ní ewu? Ewúrẹ́ rí i, ó pàtẹ ẹ̀fọ́. Ó ń ta ẹ̀fọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò fẹnu kàn án. Òkété gbé ẹ̀pà wá, Ọ̀kẹ́rẹ́ kó òkìríkà dé. Èèrà ò ní nǹkan kan àfi orí. Ó fi orí ṣe alábàárù.

Kò sẹ́ni tó rán wọn. Nígbà tí òjò ba ẹ̀pà Òkété jẹ́, àjọ ló kó, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọjà kún láti Bọ́ládé dé ẹ̀bá irin. Wọ́n ń rán ọmọ níléèwé. Wọ́n ń kọ́lé sí Màfolúkù ní yàrá kan, yàrá kan.

Ìjàpá ò dáko, kò pàtẹ. Ó so táì mọ́rùn, ó gba ààfin Erin lọ.

“Kábíyèsí, ìṣẹ́ pọ̀ nílùú.”

“Kí ló fà á?”

“Àwọn ará ọjà ò tíì di áńtàpẹrẹ́nọ̀.”

Erin ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọba kì í béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ níwájú ìjòyè. Ó mi orí. Ó ní kí wọ́n kó àpò owó mẹ́wàá fún Ìjàpá, kó lọ fi kọ́ wọn, kó sì yá wọn nínú rẹ̀.

Ìjàpá kọ́ ọ́fíìsì sẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ó ri àpò mẹ́sàn-án mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó pín ẹyọ kan tó kù fún wọn ní ẹgbàárùn-ún, ẹgbàárùn-ún, kò lé, kò dín. Àsìkò náà sì bọ́ sí ìgbà tí àwọn ẹranko fẹ́ yan ọba. Ó kàn bọ́ síbẹ̀ ni o.

“Láti òní lọ, ẹ kì í ṣe ọlọ́jà mọ́. Áńtàpẹrẹ́nọ̀ ni yín.”

Adìyẹ dẹtí. “Kí ni? A-ń-tà-á-parẹ́?”

“Ẹ ò ní í gbọ́ tán. Ẹ wá gba sàtífíkéètì.”

Owó ni sàtífíkéètì. Owó ilẹ̀ tẹ̀ lé e, owó àtíbàbà tẹ̀ lé owó ilẹ̀, owó ìgbálẹ̀ ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ajá ń já tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀. Ọ̀bọ ń já a lọ́sàn-án. Àwọn tó ń já ti alẹ́ ò lórúkọ. Kí oṣù tó parí, ẹgbàárùn-ún ti padà sílé, ó sì mú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Ni àwọn ọlọ́jà bá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló tajà láàárọ̀?
*Ṣéńjì ẹ dà?*
Adìyẹ tajà láàárọ̀.
*Ṣéńjì ẹ dà?*
Ó jèrè kọ́bọ̀ méje.
*Ṣéńjì ẹ dà?*
Ìjàpá mú mẹ́fà níbẹ̀.
*Ṣéńjì ẹ dà?*
Ọ̀kan tó kù di tíkẹ́ẹ̀tì.
*Ṣéńjì ẹ dà?*

Yánníbo ní, “Olówó orí mi, ó tó báyìí.” Ìjàpá ní ìyàwó òun ò mọ ìdàgbàsókè. Ó tún gba ààfin lọ.

“Kábíyèsí, ọjà yìí dọ̀tí. Olè ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wó o, ká kọ́ ti ìgbàlódé.”

Kí Erin tó dáhùn, Ìjàpá ti ń ta fọ́ọ̀mù. Ó ta ìsọ̀ kan fún ẹni mẹ́ta. Èyí tó wà létí títì, Ẹkùn ló tà á fún.

Erin dé láti wó ọjà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Mi ò sọ pé oṣù kìíní ọdún 2009 ni. Mi ò dárúkọ ọjà Owónifáàrí, mi ò sì sọ pé oṣù kìíní ọdún 2016 ni. Erin kì í ka kàlẹ́ńdà. Ẹsẹ̀ ló ní.

Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà? Ọ́fíìsì Ìjàpá ni ẹsẹ̀ kọ́kọ́ bá. Ìjàpá na sàtífíkéètì sókè: “Kábíyèsí, èmi ni! Èmi olùkọ́ òwò!” Ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀. Àpò mẹ́sàn-án rì wọlẹ̀ ṣinrin. Wọ́n da kọnkéré lé e. Ìbùdókọ̀ ńlá tí ẹ ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti 2019, ẹ má bi mí bóyá orí àpò Ìjàpá ló dúró sí.

Wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kọjá sí Bọ́ládé. Wọ́n lọ, wọ́n ka ìsọ̀, wọ́n ka ara wọn, wọ́n padà.

Ní ọjọ́ kẹta, Èèrà ti ń rẹrù. Orí rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, kí ló kù? Adìyẹ yé òmíràn, ó sè é. Òkété kó àjọ. Òjòlá á fọn fèrè, wọ́n á gbé àtẹ. Òjòlá á kọjá, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìjàpá dé, ebi ń pa á. “Ìyá ẹlẹ́yin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lówó.”

“Ṣé ẹ mú sàtífíkéètì dání, ọ̀gá?”

Ọjà rẹ́rìn-ín. Adìyẹ gbé àpò omi inú ọ̀rá kan fún un. “Ẹ tà á. Ẹ dá owó mi padà lálẹ́, kẹ́ ẹ jẹ èrè orí ẹ̀.”

Kò tíì ta ẹyọ kan tí Ajá fi yọ. “Ọ̀gá, tíkẹ́ẹ̀tì.”

“Ajá! Èmi ni mo gbà ọ́ síṣẹ́!”

“Mo mọ̀, sà. Ẹ sanwó.”

Ta ló tajà láàárọ̀?
*Ṣéńjì ẹ dà?*
Ìjàpá tajà láàárọ̀.
*Ṣéńjì ẹ dà?*

Ìjàpá ronú. Ó lọ ṣa páànù ọ́fíìsì rẹ̀ tó ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó gbé e pọ̀n, ó di ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pariwo “Wọ́n ń bọ̀ o!”, Adìyẹ á gbé àtẹ, Ewúrẹ́ á palẹ̀ ẹ̀fọ́ mọ́, Èèrà á kó sínú ihò. Ìjàpá á kàn fa ọrùn wọlé, á tilẹ̀kùn.

Ajá á sì dúró síta, á máa kanlẹ̀kùn: “Ṣéńjì ẹ dà?”